Gíréèdì pákó wo ló yẹ fún ilẹ̀ gbọ̀ngán eré ìdárayá ní Ọ̀fà: First, Second, Third, àbí igi ilé?

Ọmọ Ọ̀fà béèrè pé:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Gbọ̀ngán eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ girama kan là ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ọ̀fà. Inú rẹ̀ gùn ní mítà 33, ó fẹ̀ ní mítà 20. Básíkẹ́ẹ̀tì ló ṣe kókó jù, a ó sì fa ìlà fọ́líbọ́ọ̀lù àti badminton sórí ilẹ̀ kan náà. Páànù ni òrùlé, búlọ́ọ̀kù ni ògiri, fèrèsé wà lókè lọ́hùn-ún. Kò ní sí ẹ̀rọ amúlétutù, iná ìjọba náà sì ń wá, ó ń lọ. A ti da kọnkéré ilẹ̀, nínípọn rẹ̀ jẹ́ 100 mm, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá báyìí.

Ìwé owó mẹ́ta ni agbaṣẹ́ṣe gbé wá fún igi maple tó ń bọ̀ láti òkè òkun: First, Second and Better, àti Third and Better. Ó ní First ló lágbára jù, pé Third á tètè ya tí àwọn ọmọ bá ń fò lórí ẹ̀. Ó tún ní bí owó ò bá tó, ká lo tíìkì, ìrókò tàbí apá tí wọ́n là nílé níbí. Ṣé lóòótọ́ ni gíréèdì ń sọ bí igi ṣe lágbára tó? Nínú igi tiwa, èwo ló lè dúró lábẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì? Báwo la sì ṣe ń kọ gíréèdì fún igi tí a rà ní sọ́míìlì, níbi tí kò ti sí ìwé kankan? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i kí n tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Káfíńtà Ìlọrin fèsì:

Ọmọ Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ẹ kú ilé kíkọ́. Ẹ má tíì fọwọ́ sí ìwé yẹn.

Ojú pákó ni gíréèdì maple ń wò, kò kan agbára. Ìtì igi kan ṣoṣo lè bí pákó First àti pákó Third, líle wọn ò sì ní yàtọ̀. Òṣùwọ̀n Janka ni wọ́n fi ń mọ bí igi ṣe le tó: wọ́n á fi agbára tẹ bọ́ọ̀lù irin kékeré kan títí ìdajì rẹ̀ á fi wọnú igi, wọ́n á wá kọ iye agbára tó gbà sílẹ̀. Maple líle ń gba nǹkan bíi pọ́n-ùn 1,450. Ibẹ̀ ni First wà, ibẹ̀ náà ni Third wà.

MFMA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe pákó ilẹ̀ maple ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1897, ló ṣètò gíréèdì wọ̀nyí. Ní First, ojú pákó mọ́, èèyàn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí àbùkù kan tọ́ka sí. Second máa ń ní kókó kéékèèké tó dì mú ṣinṣin, ìlà dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ nínú ẹran igi, àti àwọ̀ tó yàtọ̀ síra. Third gba kókó tó tóbi ju ìyẹn lọ àti àwọ̀ pupa rúsúrúsú ti àárín igi, ó gba gbogbo àbùkù tí kò bá ti ní kí ilẹ̀ má ṣeé lò. Second and Better tí wọ́n kọ fún yín, àdàlù First àti Second ni. Third and Better, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nínú ẹ̀.

Ibi kan ṣoṣo tí gíréèdì ti kan iṣẹ́ gan-an ni gígùn pákó. Bí gíréèdì bá ṣe ń wálẹ̀ ni pákó kúkúrú ń pọ̀, oríkèé á pọ̀, káfíńtà á pẹ́ lórí iṣẹ́, gígé dànù náà á sì pọ̀. Tó bá jẹ́ pé pláìwúùdù onípele méjì lẹ fẹ́ tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, pákó kúkúrú ò ṣe nǹkan kan, nítorí gbogbo ara rẹ̀ ló rí ibi jókòó sí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ orí igi ìdábùú tí àlàfo wà láàárín wọn lẹ fẹ́ kàn án mọ́, pákó tí kò lè gùn dé orí ìdábùú méjì ó kéré tán á máa mì, á sì dún. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bi agbaṣẹ́ṣe pé kí ló fẹ́ tẹ́ sábẹ́, kí ẹ tó jiyàn lórí First tàbí Third.

Tó bá jẹ́ maple lẹ máa rà, Second and Better ni mo máa ní kí ẹ mú. Third náà á ṣiṣẹ́ fún ilé ẹ̀kọ́, àfi pé ojú rẹ̀ á kún fún àwọ̀ oríṣiríṣi, ìlà badminton tó jẹ́ 4 cm péré ò sì ní tètè hàn lára rẹ̀ bí ìlà 5 cm ti básíkẹ́ẹ̀tì. Owó First, ẹ gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀. Rọ́bà àti pláìwúùdù tó wà lábẹ́ ló ń gba orúnkún ọmọ là. Nínú òṣùwọ̀n EN 14904 ti ilẹ̀ Yúróòpù, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ó kéré tán 25% nínú agbára tí ẹsẹ̀ fi bà á, bọ́ọ̀lù sì gbọ́dọ̀ ta padà dé 90% ibi tí ì bá ta dé lórí kọnkéré. Kò sí gíréèdì pákó tó lè fún yín ní méjèèjì yẹn.

Ká tún sọ ọ́ pé maple kì í ṣe dandan. Igi oak pupa ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ tí Boston Celtics, ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì kan ní Amẹ́ríkà, ń gbá bọ́ọ̀lù lé.

Onígẹdú fèsì:

Káfíńtà ti sọ ti òkè òkun, ẹ jẹ́ kí n sọ ti igi ilé.

Lórí òṣùwọ̀n Janka kan náà, apá wà ní nǹkan bíi 1,810, ìrókò 1,260, tíìkì nǹkan bíi 1,070. Arère ò kọjá 430. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé arère, ọmọ̀ tàbí meláìnà wá fún yín pé ó funfun bíi maple, ẹ dá a padà. Ẹsẹ̀ àga kan ṣoṣo á dá ihò sí i lára.

Apá ni mo máa fi ṣíwájú. Ó wúwo, ó le, kì í sì í yí tàbí wú bí àwọn igi yòókù. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó máa ń la tí ẹ bá kan ìṣó mọ́ ọn láìkọ́kọ́ lu ihò, pàápàá létí ahọ́n pákó, ìyẹn etí tó yọ síta tó ń wọ inú pákó kejì. Aró òfeefèé kan tún wà nínú ihò ara rẹ̀ tó máa ń jáde tí omi bá kàn án, kó sì ba aṣọ tàbí ìlà funfun jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí òjò rí i lẹ́yìn tí ẹ bá ti fá a.

Ìrókò dára, ó sì rọrùn láti rí ju apá tó gbẹ lọ. Òkúta máa ń wà nínú ẹ̀, ó le, ó funfun bí ẹfun, abẹ ayùn á sì kán lórí ẹ̀. Ìyẹ̀fun rẹ̀ ń yún ara, ó ń dí èémí, kí àwọn tó ń fá a bo imú dáadáa.

Tíìkì rọrùn láti fá, àmọ́ ohun tó dà bíi yanrìn nínú rẹ̀ máa ń jẹ ẹnu abẹ; ẹ sì ṣọ́ra fún tíìkì ọmọdé. Igi tí wọ́n tètè gé, etí funfun rẹ̀ á pọ̀ ju àárín rẹ̀ lọ. Etí funfun yẹn ni kòkòrò máa ń wọ̀ tó ń lọ igi di ìyẹ̀fun bí èlùbọ́, àárín pupa nìkan ni kì í fọwọ́ kàn. Bó bá ṣe pé ilé ẹ̀kọ́ á tún máa ṣe ìpàdé òbí àti ayẹyẹ nínú gbọ̀ngán náà, tí wọ́n á kó àga wọlé, ẹ rántí pé tíìkì rọ̀ ju maple lọ. Bàtà eré ò lè ṣe é ní nǹkan kan, ẹsẹ̀ àga irin ló ń gún un. Ẹ fi rọ́bà sí ẹsẹ̀ gbogbo àga.

Ní ti gíréèdì, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kọ ọ́, kí ẹni tó ń tà á sì fọwọ́ sí i kí ẹ tó san owó. Oríṣi igi kan ṣoṣo, kò gbọdọ̀ sí àdàlù, nítorí bí ìrókò ṣe ń wú kọ́ ni apá ṣe ń wú. Àárín igi nìkan, kò gbọdọ̀ sí etí funfun lójú tàbí lẹ́yìn. Kókó tó dì mú, tí fífẹ̀ rẹ̀ ò ju 10 mm lọ, ẹ lè gba ẹyọ kan láàárín mítà kan, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sí níbi ahọ́n tàbí láàárín 50 mm sí ìparí pákó, torí ibẹ̀ ló ti ń jábọ́. Iṣan igi kò gbọdọ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà ju 1 cm lọ nínú gígùn 10 cm. Pákó tí iṣan rẹ̀ bá dábùú máa ń fọ́ jáde bí ẹ̀rún lábẹ́ bàtà. Kò sí sísán lórí, kò sí ihò kòkòrò tí ìyẹ̀fun ń ti inú rẹ̀ jáde. Nínípọn 20 mm lẹ́yìn fífá, ojú 57 mm, gígùn 600 sí 2,400 mm, kí èyí tí kò tó 900 mm má ju ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo rẹ̀ lọ. Tí ẹ bá so pákó méjì pọ̀, ẹ fi èékánná gba ojú oríkèé: gíga wọn kò gbọdọ̀ yàtọ̀ ju 0.3 mm lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, sáńpépà ló máa jẹ ilẹ̀ yín tán kó tó dọ́gba.

Ohun mìíràn tí mo máa béèrè fún ni bí wọ́n ṣe la igi náà. Ẹ wo orí pákó, níbi tí wọ́n ti gé e. Tí ìlà òrùka igi bá dúró gbọnrangandan sí ojú pákó, wíwú rẹ̀ lójú ìbú á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti èyí tí òrùka rẹ̀ sùn sílẹ̀. Tíìkì tútù tó bá gbẹ délẹ̀délẹ̀ máa ń sún kì bíi 5.3% tí òrùka bá sùn, 2.6% tó bá dúró. Ti maple jẹ́ 9.9% àti 4.8%. Ẹni tó ń la gẹdú lè ya àwọn tó dúró sọ́tọ̀ fún yín bí ẹ bá tètè sọ fún un kó tó gbé igi sórí ayùn. Lẹ́yìn tó bá ti là á tán, ó ti bọ́.

Ọmọ Ọ̀fà fèsì:

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọkàn mi ti ń lọ sí apá tàbí ìrókò. Ṣùgbọ́n pákó mélòó ni màá rà? Agbaṣẹ́ṣe sì ní oṣù kìíní la máa tẹ́ ẹ, pé ọyẹ́ ló dára jù nítorí igi á ti gbẹ. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀?

Ẹnjiníà Òmù-Àrán fèsì:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ oṣù kìíní yẹn ló jẹ́ kí n dá sí i, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ilẹ̀ pákó ti máa ń bàjẹ́ ní àdúgbò wa.

Igi kì í ṣíwọ́ mímí. Tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, omi inú igi á kúrò, igi á sún kì. Tí òjò bá dé, á mu omi, á wú. Nígbà ọyẹ́ ní Ìlọrin àti gúúsù Kwara, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ lè wálẹ̀ dé 30% tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án. Pákó tó bá pẹ́ nínú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ á wá sí nǹkan bíi 6% omi. Lásìkò òjò, tí ọ̀rinrin bá dúró ní 80%, pákó kan náà á fẹ́ gòkè lọ sí 15 tàbí 16%. Gbọ̀ngán tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ àti fáníìṣì tó bo ojú pákó máa ń dín in kù, wọn ò lè dá a dúró. Àwọn tó ń ṣe maple ń retí gbọ̀ngán tí ọ̀rinrin rẹ̀ wà láàárín 35 sí 50% látìgbà dé ìgbà, pákó wọn sì máa ń jáde nílé iṣẹ́ ní 6 sí 9%. Láìsí ẹ̀rọ amúlétutù, gbọ̀ngán yín ò lè rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Pákó maple tó fẹ̀ ní 57 mm, tí òrùka rẹ̀ sùn, máa ń fẹ̀ sí i ní 0.2 mm tí omi inú rẹ̀ bá fi 1% gòkè. Tíìkì, bíi 0.1 mm. Ìbú gbọ̀ngán yín jẹ́ mítà 20, pákó 351 ni yóò tò sí ara wọn. Ìyẹn ni pé 1% péré, maple ń wá ibi tó tó 70 mm láti lọ, tíìkì ń wá 37 mm. Tí ẹ bá tẹ́ ẹ ní oṣù kìíní ní 6%, tí ẹ fún un pọ̀ ṣinṣin, tí oṣù kẹjọ wá bá a ní 11%, ẹ ti mọ ohun tó kù. Á kọ́kọ́ wú títí á fi kan ògiri, etí pákó á máa ti ara wọn sókè, lẹ́yìn náà àárín ilẹ̀ á fò kúrò lórí pláìwúùdù. Fún gbọ̀ngán tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, igi tí kì í wú púpọ̀ ṣe pàtàkì ju igi tó le jù lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ Onígẹdú: apá, ìrókò tàbí tíìkì tó gbẹ dáadáa sàn fún Ọ̀fà ju maple First lọ.

Ẹ tẹ́ ẹ nígbà tí omi inú pákó bá wà ní 9 sí 11%. Ẹ má fojú wò ó. Ẹ ra mítà tó ń wọn omi inú igi, èyí tó ní abẹ́rẹ́ méjì, kí ẹ sì wọn pákó 40 ó kéré tán, látoríṣiríṣi ibi nínú òkìtì, kí abẹ́rẹ́ wọlé dé àárín nínípọn. Bí ẹyọ kan bá wà ní 8 tí òmíràn wà ní 14, ẹ má tẹ́ ẹ. Fún igi tó bá ti wà nínú gbọ̀ngán láti ìparí òjò, oṣù kọkànlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá ló máa ń bọ́ sí ìwọ̀n yẹn, kí ọyẹ́ tó le. Bí ẹ bá pàdánù rẹ̀, ẹ dúró di ìparí oṣù kẹta.

Àlàfo náà pọn dandan. 50 mm yípo gbogbo ògiri, ẹ fi pákó ìdí ògiri tó ní ihò afẹ́fẹ́ bò ó. Ògiri ni kí ẹ kan ìyẹn mọ́, ẹ má kàn án mọ́ ilẹ̀. Láàárín ilẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ ṣírò pé omi á fi 3% gòkè lẹ́yìn títẹ́. Tíìkì á fẹ́ 0.3 mm lórí pákó kan, nǹkan bíi 1.3 mm lórí mẹ́rin. Nítorí náà, lẹ́yìn pákó mẹ́rin mẹ́rin, ẹ fi wáṣà tó nípọn ní 1.5 mm sáàárín, ẹ kan ìlà tó kàn, kí ẹ sì yọ wáṣà kúrò. Ìlà tín-ín-rín yẹn á hàn nígbà ọyẹ́. Kí àwọn olórí ilé ẹ̀kọ́ mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n má bàa pe ẹnì kan wá fi àtè dí i, nítorí tí òjò bá dé, ibi tí igi fẹ́ lọ ti dí nìyẹn.

Kọnkéré yín ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ò tíì tó. Ìṣirò àwọn òṣìṣẹ́ ni pé 25 mm máa ń gba oṣù kan láti gbẹ, 100 mm á gba bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí òrùlé bá ti bò ó. Ẹ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ọ̀rá: ẹ gé ọ̀rá tí kò ní àwọ̀, 450 mm níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mọ́ kọnkéré délẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 16 ó kéré tán. Tí ìrì bá wà lábẹ́ rẹ̀, tàbí tí kọnkéré ibẹ̀ bá dúdú ju àyíká lọ, omi ṣì wà. Tí kò bá sí ìrì, ìyẹn ò tíì parí ẹjọ́. Kí wọ́n lu ihò sínú kọnkéré dé 40 mm, kí wọ́n ki ẹ̀rọ ọ̀rinrin sínú ẹ̀. Kò gbọdọ̀ ju 85% lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé igi gígùn mítà 3 tó tọ́ lé kọnkéré káàkiri. Àlàfo tó bá ju 3 mm lọ lábẹ́ ẹ̀, ẹ lọ ibi tó ga, ẹ dí ibi tó kòtò. Ibi tí wọ́n bá fò kọjá níhìn-ín ni bọ́ọ̀lù á ti máa kú.

Bí a ó ṣe tò ó láti ìsàlẹ̀: ọ̀rá 0.15 mm, kí etí rẹ̀ gun ara wọn ní 150 mm, kí ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́. Páàdì rọ́bà ní 300 mm sí ara wọn, ìyẹn bíi 7,300 fún mítà 660 níbùú-lóòró. Pláìwúùdù 12 mm ìpele méjì, kí ìpele kejì dábùú ti àkọ́kọ́, kí àlàfo 6 mm wà láàárín etí pláìwúùdù kan sí èkejì. Lẹ́yìn náà pákó. Pláìwúùdù tí àtè rẹ̀ ò bẹ̀rù omi ni kí ẹ rà. Ìpele kan jẹ́ bíi 222, ẹ ra 470 fún méjèèjì. Ìṣó 50 mm, kí ẹ kàn án ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ibi ahọ́n, ní 300 mm sí ara wọn.

Onígẹdú fèsì:

Ní ti iye pákó: pákó tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tó fẹ̀ ní ínṣì 12, ẹ lè la igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin jáde lára ẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ahọ́n, ojú tó kù á jẹ́ bíi 0.82 mítà níbùú-lóòró lórí pákó kan. Ìyẹn 805 fún gbọ̀ngán yín, ká ní kò sí ìyọsílẹ̀ rárá. Pẹ̀lú gíréèdì tí mo kọ yẹn, ẹ retí pé ìdá kan nínú mẹ́rin á bọ́ sílẹ̀, nítorí náà ẹ ra bíi 1,070. Àwọn tí ẹ yọ sílẹ̀ kò ṣòfò, wọ́n á ṣe pákó ìdí ògiri àti àga òǹwòran.

Ẹ gbé rúlà dání lọ sí sọ́míìlì. Ínṣì kan tí wọ́n ń pè, ó lè má tó 23 mm nígbà tí igi ṣì tútù. Kó tó gbẹ, kó tó gba fífá lójú àti lẹ́yìn, ẹ ò ní rí 20 mm nínú ẹ̀ mọ́. Ẹ ní kí wọ́n là á ní 27 mm ó kéré tán.

Tí ẹ bá rí ilé gbígbẹ tí wọ́n ń fi iná gbẹ igi, ẹ gbé e lọ síbẹ̀, ooru á pa kòkòrò inú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí kò bá sí, ẹ tò ó sábẹ́ òrùlé, kó ga kúrò nílẹ̀ ní 400 mm, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ 25 mm sáàárín ìpele kọ̀ọ̀kan ní 500 mm sí ara wọn, kí àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ náà dúró lórí ara wọn gẹ́lẹ́ láti ìsàlẹ̀ dókè. Tí wọn ò bá dúró lórí ara wọn, pákó á gbẹ ní títẹ̀. Ẹ kun orí méjèèjì pákó ní ọ̀dà kí ó má bàa sán. Oṣù mélòó kan ló máa gbà, nítorí náà ẹ rà á nísinsìnyí.

Alákùn Fáníìṣì fèsì:

Mo ní ọ̀rọ̀ kan lórí fáníìṣì, torí igi ilé yàtọ̀ sí maple. Òróró wà nínú tíìkì, nǹkan mìíràn sì wà nínú ìrókò tí kì í jẹ́ kí fáníìṣì olóròóró gbẹ. Ẹ lè kùn ún lónìí, kó ṣì máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Polyurethane oníhà méjì, tí wọ́n ń po pọ̀ kí wọ́n tó kùn ún, ló yẹ. Lẹ́yìn sáńpépà, ẹ fi aṣọ funfun tí ẹ rẹ sínú acetone nu ojú pákó, ẹ máa yí aṣọ padà títí kò fi ní gba àwọ̀ mọ́, kí ẹ sì kùn ún lọ́jọ́ náà gan-an. Tó bá di ọjọ́ kejì, òróró á ti padà wá sójú.

Sáńpépà 40 ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀, ẹ bọ́ sí 60, ẹ parí rẹ̀ sí 100. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó fa ìlà. Ẹ fa ìlà, kí ó gbẹ dáadáa, kí ẹ tún wá kùn ún lẹ́ẹ̀mejì sí i. Lítà kan á kun bíi mítà 12 níbùú-lóòró, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan ń gba lítà 55, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ń gba 220. Ẹ gbìyànjú ohun gbogbo lórí pákó márùn-ún kan lẹ́yìn ilé ná, pẹ̀lú ọ̀dà ìlà yín, nítorí ọ̀dà kan máa ń wó tí fáníìṣì bá gun orí ẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má da omi sí i láti fọ̀ ọ́. Ìgbálẹ̀ aṣọ gbígbẹ lójoojúmọ́, aṣọ tí wọ́n fún gbẹ fún ibi tó bá dọ̀tí.

Ọmọ Ọ̀fà fèsì:

Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ikán ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló wà lẹ́yìn gbọ̀ngán náà.

Ẹnjiníà Òmù-Àrán fèsì:

Ìbéèrè tó yẹ ni. Kí ẹ tó da kọnkéré ló yẹ kí oògùn ikán ti wọnú ilẹ̀. Bí wọn ò bá ṣe é, kí wọ́n gbẹ́ ọ̀nà yípo ìta ògiri, fífẹ̀ rẹ̀ bíi 150 mm, kí wọ́n da oògùn sí i bí ìwé tó wà lára rẹ̀ ṣe sọ, kí wọ́n fi ilẹ̀ tí oògùn ti kàn bò ó padà. Ibi tí páìpù àti wáyà ti gba inú kọnkéré gòkè, ibẹ̀ ni kí ẹ dí jù, torí ọ̀nà tí ikán ń gbà nìyẹn. Apá àti àárín tíìkì kì í wu ikán, ṣùgbọ́n pláìwúùdù tó wà lábẹ́ wọn, wọ́n á jẹ ẹ́ tán láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Nítorí náà, ẹ fi ojú ilẹ̀kùn kékeré kan sílẹ̀ ní igun méjì gbọ̀ngán, tó fẹ̀ ní 300 mm, tí ẹ fi ìdè onírin mú, kí ẹnì kan lè ṣí i lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà, kó tan tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan nínú ọyẹ́, ẹ̀ẹ̀kan nínú òjò; kó gbé mítà omi igi dání nígbà méjèèjì, kó kọ nọ́ńbà tó rí sára ògiri níbẹ̀.

Ọmọ Ọ̀fà fèsì:

Mo ti gbà. Ìrókò là ń rà, 27 mm ní sọ́míìlì, oríṣi kan ṣoṣo, mo sì ti kọ gíréèdì yẹn sínú ìwé àdéhùn. Títẹ́ ti kúrò ní oṣù kìíní, a ti sún un sí oṣù kọkànlá.

Onígẹdú fèsì:

Ó dára. Nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́, ẹ fi kún un pé ẹ̀yin lẹ máa yan pákó ní sọ́míìlì lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó kó o sínú ọkọ̀, àti pé èyí tí mítà bá fi hàn pé ó ju 11% lọ ní ọjọ́ tí ẹ fẹ́ tẹ́ ẹ, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀ láìgba owó. Bí ìyẹn ò bá sí nínú ìwé, wọ́n á ní igi ti kúrò lọ́wọ́ àwọn.